Owó Mẹ́kà Bàbá Kùdí àti Yíǹkì Pupa

Ẹ má bínú sí mi, mo máa ń tojú bọ ohun tí kò kàn mí. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe ní Ìtòkú. Ojú mi kì í kúrò lára abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n etí mi ò níṣẹ́ kan tó ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ Sàlàhúdíìnì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kùdí, ju bó ṣe rò lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Aṣọ funfun ló ń tà, èyí tí àwọn aláró ń rà láti fi ṣe àdìrẹ. Àwìn ló ń tà á fún púpọ̀ nínú wọn, torí owó kì í dé ọwọ́ aláró àfi ìgbà tí àdìrẹ rẹ̀ bá tà.

Ọ̀rọ̀ báǹkì ló ń yà mí lẹ́nu nípa ọkùnrin yìí. Bó bá ti di ọjọ́ Ajé, á wọ agbádá, á há agboorùn mọ́ abíyá, á sì gba ọ̀nà Ìbarà lọ sí báǹkì. Bó bá ń lọ, ojú rẹ̀ á máa dán. Bó bá ń bọ̀, ojú náà á ti fà ro bíi ti ẹni tó jẹ kuníìnì láìmu omi sí i. Mo máa ń bi ara mi léèrè pé irú ilé wo lèèyàn ń gbé owó lọ tí inú rẹ̀ kì í dùn bọ̀. Ilé onípáánù ló ń gbé ní Ìjẹ̀mọ̀, ó ní kẹ̀kẹ́, ọmọ rẹ̀ Kùdírátù sì ń lọ sílé ìwé. Kí ló tún kù?

Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo bi í. Ó wá dá ẹ̀wù lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà, mo ń wọn èjìká rẹ̀.

"Bàbá Kùdí, ẹ ṣàlàyé báǹkì yìí fún mi."

Ó kọ́kọ́ fẹ́ pa á mọ́, àmọ́ kò síbi tó fẹ́ sá sí, okùn ìwọ̀n mi wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní nígbà tí ogun Hítílà parí, tí aṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí Èkó, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ló máa jèrè, òun ò sì ní. Báǹkì wá jẹ́ kí òun fa owó ju èyí tí òun ní níbẹ̀ lọ. Ofadíráàfù ni wọ́n ń pè é. Yíǹkì pupa ni wọ́n fi ń kọ ọ́.

"Mo rò pé kó tó di ọyẹ́, mo ti san án tán," ló wí. "Bí mo bá san díẹ̀ báyìí, ọjà tuntun á dé, àwọn aláró ò ní tíì sanwó, n óò tún lọ fà. Oṣooṣù ni èlé ń gorí ẹ̀. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta, mi ò rí yíǹkì dúdú níbẹ̀ rí."

"Kí lẹ fi dógò?"

"Ìwé ilé mi."

"Ìyá Kùdí mọ̀?"

Ó wo ìta. Ó ní kí n má jẹ́ kí apá ẹ̀wù náà gùn jù.

Ọ̀rọ̀ Mẹ́kà dé lọ́dún 1949. Ààfáà Láwàlì ń kó àwọn tó fẹ́ lọ jọ. Lọ́rì ni yóò gbé wọn dé Kánò, kí wọ́n tó gba ilẹ̀ Sùdáànì dé etí òkun. Bàbá Kùdí ti ń lá àlá ìrìn àjò yìí láti ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Àpótí kan wà lábẹ́ ibùsùn wọn tó jẹ́ ti owó Mẹ́kà nìkan, Bùsírátù ìyàwó rẹ̀ ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ọjà bá ti tà, ṣílè díẹ̀ á wọnú àpótí.

Àwọn tó ń lọ Mẹ́kà ní àṣà kan tó wù mí gan-an, èmi onígbàgbọ́. Ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ yí ìlú ká, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá a da nǹkan pọ̀, kó sì san gbèsè ọrùn rẹ̀. Bàbá Kùdí dé Òṣíẹ̀lẹ̀, ó dé Kọ́bapẹ́. Gbogbo ibi tó dé ni wọ́n ti ń fún un lẹ́bùn, tí wọ́n ń rán an sí Ọlọ́hun. Bùsírátù ti ra láwàní sílẹ̀. Àwọn aláró ti ń pè é ní Àlájì, kò sì bá wọn jà.

Ó wá kàn mí.

"Ìyá Dìran, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá tọrọ àforíjì, bóyá mo ti ṣẹ̀ yín láìmọ̀. Ǹjẹ́ mo jẹ yín ní kọ́bọ̀ kankan?"

Mo ní kò jẹ mí ní nǹkan kan, kí Ọlọ́run mú un lọ, kó mú un bọ̀. Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Ẹnu mi ò gbà fún mi.

"Báǹkì ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Báǹkì kì í ṣe ènìyàn, Ìyá Dìran. Ta ni n óò bẹ̀ níbẹ̀? Èlé tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ mi, ṣé kò tó wọn ni?"

"Owó inú àpótí yẹn ò lè san án?"

"Á san án. Ṣùgbọ́n owó Mẹ́kà nìyẹn, mi ò dà á pọ̀ mọ́ owó ọjà rí."

Ẹ bá mi wò ó. Owó ń sùn lábẹ́ ibùsùn ní Ìjẹ̀mọ̀, gbèsè ń bí èlé ní Ìbarà, ẹnì kan náà ló ni méjèèjì, kò sì tíì wá sọ́kàn rẹ̀ rí pé kó mú wọn pàdé. Ó kọ́kọ́ fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo rántí owó ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ mi, tí mi ò ní fi ra òwú láéláé, ẹ̀rín náà gbẹ.

"Bí ohun kan bá ṣe yín lọ́nà ńkọ́?" mo ní. "Ta ni báǹkì máa wá bá?"

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé agboorùn rẹ̀, ọ̀dọ̀ Ààfáà Láwàlì ló sì lọ tààrà. Ó padà wá ròyìn fún mi pé Ààfáà ò tilẹ̀ jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ tán. Ó ní gbèsè ni gbèsè, báǹkì ló ni ín tàbí ìyá alákàrà. Kí òun san án kí òun tó gun lọ́rì, tàbí kí òun dúró sílé. Owó àpótí kò sì lè ṣe méjèèjì.

Bùsírátù já lu ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kejì, kò kí mi.

"Ìyá Dìran, kí lẹ sọ fún ọkọ mi? Ó ti dágbére fún gbogbo ìlú, ó ti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ó wá ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá, pé òun fẹ́ kówó lọ fún òyìnbó. Ojú wo ni kí n fi máa wo àwọn ará Ìjẹ̀mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ ìwé ilé wọn tó wà ní báǹkì wà létè mi. Ẹnu mi yún mi débi pé mo ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó sọ ọ́. Mo ní kó bi ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tó wà ní báǹkì. Ó ní òun ò ní í bi í ní nǹkan kan. Ó padà ju kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó sì bá a yan odì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí lọ́rì ń lọ gan-an ni Bàbá Kùdí ru owó rẹ̀ lọ sí Ìbarà. Mo tẹ̀ lé e. Mo ní òwú ni mo fẹ́ rà lọ́nà ibẹ̀; kò gbà mí gbọ́, kò sì lé mi padà. Theophilus, akọ̀wé báǹkì tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló ka ṣílè náà. Ó kà á pẹ́. Nígbà tó fi yíǹkì dúdú kọ iye tó ṣẹ́ kù fún un lẹ́yìn gbèsè, Bàbá Kùdí tẹjú mọ́ ọn bí ìgbà tí ó ń wo ọmọ tuntun.

Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn jáde wá. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn, àṣé ojú ẹni tí oníbàárà rẹ̀ pàtàkì fẹ́ fi sílẹ̀ ni n óò rí. Theophilus túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀: wọ́n ní nítorí pé ó jẹ́ olóòótọ́, ó lè fa èyí tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bó bá fẹ́, lónìí pàápàá.

Mo wo ẹnu Bàbá Kùdí. Owó lọ́rì wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, a jọ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," ló wí. "Láti òní lọ, ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi ni n óò fi ra aṣọ. Bó bá jẹ́ ìdajì ìdì ni, n óò ra ìdajì. Ẹ ní kí wọ́n fún mi ní ìwé ilé mi."

Nígbà tí a padà dé Ìtòkú, Bùsírátù ti gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ wá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Kò pẹ́ tí lọ́rì fi kọjá. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń ṣe wúrìdì, àwọn aláró ń juwọ́ sí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn aláró bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Àlájì, ẹ ti tètè dé." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Kùdí dúró sójú kan títí eruku lọ́rì fi rọlẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, omi bọ́ lójú mi.

Ó wá gbé ìwé náà lé orí itan ìyàwó rẹ̀. Bùsírátù ò mọ̀wé, ó nà án sí mi. Mo kà á fún un: ilẹ̀ ní Ìjẹ̀mọ̀, ilé orí rẹ̀, orúkọ ọkọ rẹ̀.

"Ta ló gbé ìwé ilé wa kúrò nílé?" ló bi wá.

"Èmi ni," ni Bàbá Kùdí wí. "Báǹkì ló wà, láti ọdún tí Kùdí wọ ilé ìwé."

Bùsírátù gba ìwé náà padà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀ bá lọ," ló ní. "Ẹ̀ bá lọ sí Mẹ́kà, kí ẹ fi èmi àtọmọ sílẹ̀ nínú ilé báǹkì, kí n máa gbálẹ̀ ibẹ̀ kí n máa ṣàdúà fún yín."

"Mo ti tọrọ àforíjì dé Kọ́bapẹ́," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ìwọ nìkan ni mi ò tíì tọrọ lọ́wọ́ ẹ."

"Mo ti gbọ́," ni Bùsírátù wí. "Mi ò tíì dáhùn."

Ó ká ìwé náà, ó há a mọ́ ìró rẹ̀, ó sì gbé e lọ sílé fúnra rẹ̀.