Òkú Tí Mùrí Dì Sínú Bébà

Ní Odò-Orí nílùú Ìwó, ọkùnrin kan wà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Mùrí lorúkọ rẹ̀. Rédíò ló kọ́kọ́ ń tún ṣe. Nígbà tí àwọn èèyàn ò gbé rédíò wá mọ́, ó lọ jókòó ti ẹnì kan n'Íbàdàn fún ọdún kan, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó padà wálé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Òwú ló fi so apá kan awò ojú rẹ̀.

Ohun méjì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Àkọ́kọ́, kì í sọ òyìnbó tó le fún oníbàárà. Àwọn ọmọ ìwòyí a máa da òyìnbó lé èèyàn lórí títí ẹ̀rù á fi bà á. Mùrí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ló ń pe ibi tí èèyàn ń wò. Eyín ló ń pe ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí èèyàn bá kọ sínú ẹ̀rọ, ọpọlọ ló ń pè é. Ó ní bí ẹ̀rọ bá gbàgbé nǹkan, kí ló tún lè máa ṣe é?

Èkejì, bó bá yọ nǹkan tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ, á dì í sínú bébà, á dá a padà fún ẹni tó ni ín. Bó ṣe nọ́ọ̀tì kan ni. Àwọn èèyàn máa ń fura sí atúnṣe, wọ́n á ní wọ́n ń yọ èyí tó dáa, wọ́n ń fi èyí tó kú sí i. Ogún ọdún ni Mùrí ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ sí i rí. Orúkọ yẹn ló ní. Kò ní nǹkan míì tó tó o.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Ààfáà Badrudeen gbé láptọ́ọ̀pù wọn wá. Àwọn ni wọ́n kọ́ Mùrí ní kéwú ní kékeré, gbogbo àdúgbò ló sì ń gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Láptọ́ọ̀pù náà dúdú, ó nípọn, ó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Ọdún tí wọ́n bí Kaothar, àbígbẹ̀yìn wọn, ni wọ́n rà á. Kaothar ti wà nílé ọkọ báyìí.

"Mùrí, ó ń ké," ni Ààfáà wí. "Ó ké títí lánàá, ó wá dákẹ́."

"Ẹ fi sílẹ̀, sà."

"Wòlímọ̀ àwọn ọmọ di ọjọ́ Àìkú. Inú ẹ̀ ni mo ti ń tẹ ìwé-ẹ̀rí wọn. Má pè mí o, mò ń kọ́ àwọn ọmọ títí di Aláàsárì. Tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi."

Wọ́n lọ. Mùrí tan ẹ̀rọ náà, ó fi etí tì í. Kọ́, kọ́, kọ́. Ó dákẹ́. Ó tú nọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀, ó fa ọpọlọ náà yọ, ó mì í létí. Ó ti kú. Ó mú fóònù.

Fóònù kékeré ni, oníbọ́tìnnì. Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, Mùrí ò sì wá a rí. Ohun tó tẹ̀ nìyí:

Mo ti ri ohun to n ke, sa. Opolo inu laptop yin lo ti ku. Mo ti yo o.

Èsì pẹ́ kó tó dé: Bawo lo se de inu re?

Mùrí rẹ́rìn-ín. "Ààfáà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ o," ló sọ fún Bọ́sẹ̀, aránṣọ tí wọ́n jọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà.

"Bàbá Humairah, ṣé wọ́n bí ẹ̀yin mọ́ ọn ni?" ni Bọ́sẹ̀ wí, kò gbójú kúrò lára aṣọ. "Ẹ dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́: Lati ile ise ti won ti se e lo ti wa ninu re, sa. Gbogbo laptop lo ni tie.

Audhu billahi. Gbogbo won?

Gbogbo won, sa. E ma se iyonu. Mo n wa omiran ti maa fi ropo re.

Ààfáà ò fèsì mọ́.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ tuntun ò wọ ẹ̀rọ àtijọ́, ẹnu wọn ò bára mu. Irú ti Ààfáà yìí, wọn ò ṣe é mọ́. Mùrí wá a dé Ilé-Ogbó, kò rí. Ní Olúpọ̀nnà, wọ́n fi í ṣẹ̀rín. Lọ́jọ́rú ó gun ọ̀kadà lọ sí Kuta. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì níbẹ̀ ní irú láptọ́ọ̀pù náà, ó fi ń dá ilẹ̀kùn dúró kí afẹ́fẹ́ má baà tì í. Ojú rẹ̀ ti fọ́, eyín rẹ̀ ti ká. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mùrí so ọpọlọ rẹ̀ mọ́ iná, ó yí. Inú Mùrí dùn débi pé ẹ̀bá ọ̀nà ló ti tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́:

Mo ti ri opolo kan ni Kuta, sa. O ti dagba die sugbon mo fi ina kan an, o si n dun. Ti n ba dele maa ti i bo inu laptop. Mo ti di oku ti tele sinu beba fun yin.

Wéré ni èsì dé: Muri. Ma fi nkankan sinu ero mi. Mo n bo.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó fi fóònù han Bọ́sẹ̀. "Wọ́n rò pé mo yọ èyí tó dáa ni. Bí wọ́n bá lè sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ogún ọdún mi wọgbó nìyẹn."

"Ṣebí òkú ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín? Ẹ fi hàn wọ́n."

Wọn ò tíì kírun Aláàsárì tán dáadáa tí Ààfáà fi dé, pẹ̀lú ìyàwó wọn, Alájà Zakiyyah. Ọ̀rá iyọ̀ wà lọ́wọ́ Alájà. Mùrí dọ̀bálẹ̀.

"Dìde," ni Ààfáà wí. "Níbo ló wà?"

"Òkú ẹ̀ rèé, sà." Mùrí na bébà sí wọn.

Ààfáà fò sẹ́yìn, wọ́n tẹ Alájà lẹ́sẹ̀. Alájà ti tú ọ̀rá iyọ̀.

"Má gbé e sún mọ́ mi o!"

"Ẹrù yín ni, Ààfáà. Mi ò mú nǹkan oníǹkan rí."

"Ẹrù ta ni? Gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ Bísímílà sínú ẹ̀rọ yẹn, mi ò mọ̀ pé èmi àti ẹ̀ la jọ ń gbé! O tún wá lọ mú alààyè wá láti Kuta! Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

"Mo tiẹ̀ ti sọ," ni Alájà wí. "Mo ní kò lè jẹ́ iná nìkan ló ń gbé nǹkan yẹn ṣiṣẹ́."

Mùrí ya bébà. Irin pẹlẹbẹ jábọ́ sórí tábìlì, gbì. Gbogbo wọn wò ó.

"Irin ni," ni Alájà wí.

"Irin ni, mà."

"Ọ̀pọ̀lọ́ dà?" ni Ààfáà bi í.

"Ọ̀pọ̀lọ́ wo, sà?"

Ààfáà yọ fóònù wọn. Bọ́sẹ̀ gbà á, ó kà á sókè bí Mùrí ṣe ní in lọ́kàn. Ó tún un kà bí Ààfáà ṣe kà á. "Mo ti rí ọ̀pọ̀lọ́ kan ní Kuta, sà. Ó ti dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi iná kàn án, ó sì ń..." Kò lè parí ẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di inú mú. Alájà rẹ́rìn-ín títí iyọ̀ fi dà sílẹ̀. Ààfáà fẹ́ le ojú, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n wọn ń gbọ̀n.

"Mùrí."

"Sà."

"Kí ni mo máa ń nà ọ́ sí nílé-kéwú?"

"Àmì ni, sà. Mi ò kì í fi sórí háráfì."

"O ò tíì yí padà."

Lọ́jọ́bọ̀, ọpọlọ Kuta ti wọlé, láptọ́ọ̀pù jí. Ohun tó wà nínú èyí tó kú ò ṣeé gbà padà, ṣùgbọ́n Alájà ní ìwé-ẹ̀rí ọdún tó kọjá nínú àpótí, òun ni Ààfáà wò tẹ tuntun. Lọ́jọ́ wòlímọ̀, Ààfáà sọ gbogbo rẹ̀ létí ogunlọ́gọ̀. Ààfáà gbé irin náà sókè. Wọ́n ní, "Ọkùnrin yìí, òkú pàápàá, ó ń dá a padà fún olówó ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, Ìwó ti fún Mùrí lórúkọ. Àwọn kan ń pè é ní Ọlọ́pọlọ. Bọ́sẹ̀ ń pè é ní Ọlọ́pọ̀lọ́. Mùrí ní kí wọ́n kọ ọ́ sí pátákó ṣọ́ọ̀bù òun: MURI OLOPOLO. Ààfáà ń kọjá, wọ́n dúró wò ó.

"Àmì ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí kálukú kà á bó ṣe wù ú, sà," ni Mùrí wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.