Èyí Tó Bá Wù Yín

Mẹkáníìkì ni bàbá àwọn ọmọ mi, kì í sì í bi oníbàárà pé kí ló fẹ́. Tó bá ti fetí sí ẹ́ńjìnnì tán, ohun tó bá sọ labẹ gé. Ẹni tó bá jiyàn, á ní kó máa wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ ní pírósítéètì rẹ̀, a wá àwọn àgbà dókítà lọ. Ẹnu wọn ò kò. Ọ̀kan ní iṣẹ́ abẹ ni, ṣùgbọ́n ó lè máa tọ̀ sára. Èkejì ní ká fi ẹ̀rọ onítànṣán sun ún. Ẹ̀kẹta, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ní kò sí èyí tó burú níbẹ̀. "Bàbá, èyí tó bá wù yín la máa ṣe."

Ọkọ mi wò ó títí. "Dókítà, tó bá jẹ́ bàbá tiyín ńkọ́?"

"Òun náà ló máa mú un fúnra ẹ̀, sà."

Orí mi gbóná. Ṣé aṣọ la wá rà ni, tí wọ́n fi ní ká ṣà á? Mo bú wọn délé.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé oúnjẹ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan dúró ti mọ́tò rẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé ká tún ẹ́ńjìnnì yìí ṣe ni, àbí ká pààrọ̀ ẹ̀?"

Ọkọ mi gbé etí sún mọ́ ọn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá nu ọwọ́ rẹ̀.

"Èyí tó bá wù yín."

Oníbàárà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó dúró kí ọkọ mi sọ tòótọ́. Èmi náà dúró.