Wọ́n Bá Mi Fọwọ́ Sí I, Jórinjórin sì Wọ Inú Táǹkì

Ẹ bá mi gbọ́ ohun tójú mi rí níbi iṣẹ́, torí mo ti gbìyànjú láti dákẹ́, kò ṣeé ṣe. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í pariwo lórí fóònù. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, màá kọ́kọ́ rò ó síwá sẹ́yìn kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ti ro èyí náà. Bí mo ṣe ń rò ó tó ni inú túbọ̀ ń bí mi!

Ohun tí mo fojú mi rí ni màá sọ. Èyí tí wọ́n sọ fún mi, màá sọ pé wọ́n sọ fún mi ni. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, torí ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Lẹ́yìn tí mo sìnrú ìlú tán, mo rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ẹ bá kọjá Àtìkòrì, níbi tí wọ́n ti ń po gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ pákó pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ gọ́ọ̀mù tàn yín jẹ o. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe é lè pa èèyàn kó tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun.

Iṣẹ́ tèmi ò ṣòroó ṣàlàyé. Tí àtúnṣe tó léwu bá wà, bíi kí ẹnì kan wọ inú táǹkì, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ pámíìtì, ìyẹn ìwé àṣẹ fún iṣẹ́ ọjọ́ náà. Èmi ni mo máa lọ wo ibẹ̀. Ṣé wọ́n ti tú páìpù tó ń gbé kẹ́míkà wọlé, tí wọ́n sì fi irin dí ẹnu rẹ̀ pa? Ṣé ẹnì kan wà lẹ́nu táǹkì tí yóò máa ṣọ́ ẹni tó wà nínú? Ṣé okùn wà lára ẹni náà? Lẹ́yìn náà ni màá sọ ẹ̀rọ tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò sínú táǹkì. Tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, màá fọwọ́ sí ìwé. Tó bá ké, kò sẹ́ni tó máa wọlé. Ó parí.

Ìyá Pámíìtì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè mí. "Ìyá Pámíìtì ti dé o, ẹ sáré wá okùn yín!" Ìyẹn ò dùn mí.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n fẹ́ jó táǹkì kan tó ń jò, òjò sì rọ̀ láti ìdájí. Àgọ́-Ìwòyè ni mò ń gbé, àwọn ọlọ́kadà ò sì fẹ́ gbéra. Ẹni tó gbà láti gbé mi, ṣe la sọ̀ kalẹ̀ tí a jọ ń ti ọ̀kadà nínú ẹrẹ̀. Mo pe súpáfáísọ̀ wa pé mò ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, àwọn á bá mi mójú tó o. Mo dúpẹ́. Ẹ gbọ́ o, mo tún dúpẹ́!

Bọ̀dá Káyọ̀dé là ń pe súpáfáísọ̀ náà. Wọn kì í ṣèèyàn burúkú, mo fẹ́ kí ìyẹn yé yín. Tí ẹnì kan bá pẹ́, àwọn ni wọ́n máa ń bá a fọwọ́ sí ìwé ìdé-síbi-iṣẹ́ kí wọ́n má baà fún un ní kúérì. Gbogbo wa là ń ṣe é fún ara wa, oore la kà á sí. "Ẹ bá mi fọwọ́ sí i" ni ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù níbẹ̀, lẹ́yìn "ẹ káàárọ̀."

Nígbà tí mo dé, mo rí wáyà jórinjórin tó gba ẹnu táǹkì tó ń jò wọ inú rẹ̀ lọ. Kò sẹ́nì kankan lẹ́nu táǹkì. Wàsíù ló ń ti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù bọ̀, mo bi í pé ta ló wà nínú ibẹ̀. Ó ní Gàní ni.

Gàní ni jórinjórin tí wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ fún, ọmọ Jàpárà ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbẹ̀ ni. Wàsíù jẹ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀, òun ló sì yẹ kó máa ṣọ́ ọ. Wọ́n ti ní kó wá bá àwọn já ẹrù!

Mo ní ta ló yẹ inú táǹkì wò? Wàsíù wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ dá lápàárá.

"Ṣebí ẹ̀yin náà ni, Àǹtí. Orúkọ yín ló wà lórí pámíìtì."

Orúkọ mi! Wọ́n so ìwé náà mọ́ àkàbà. Wọ́n ti kọ orúkọ mi sí i, wọ́n ti fọwọ́ sí i, wọ́n tún kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ inú táǹkì dára. Èmi tí mo wà nínú ẹrẹ̀ tí mò ń ti ọ̀kadà!

Mo sọ ẹ̀rọ náà sínú táǹkì. Kò tíì dé ìsàlẹ̀ tó fi ń ké. Mo pe Gàní. Ó dáhùn, àmọ́ ohùn rẹ̀ ń wọ́ bíi ti ẹni tó mutí yó. Ó ní òun fẹ́ jókòó díẹ̀. Ló bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Wàsíù gbọ́ ọ, ó sáré pé òun fẹ́ wọlé lọ gbé ẹ̀gbọ́n òun jáde. Mo fi gbogbo ara dí ẹnu táǹkì. Ṣé ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀? Ẹni tó bá sáré wọlé, orí ẹni àkọ́kọ́ lòun náà máa ṣubú lé, òkú á di méjì. Ṣé Wàsíù fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Èdè Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló fi bú mi. Ó bú ìyá mi. Ó ní tí ẹ̀gbọ́n òun bá kú, èmi ni mo pa á. Ó gbá mi létí.

Mi ò kúrò.

Mo kígbe pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wá, kí wọ́n gbé e jìnnà, kí rọ́bà rẹ̀ nìkan wọ inú táǹkì. Mo ní kí Wàsíù ju okùn sísàlẹ̀, kó máa pè é, kó má dákẹ́.

"Bọ̀dá Gàní! Ẹ fi okùn sábẹ́ apá! Abẹ́ apá!" Ó ń sunkún, ó ń pariwo. Nígbà tó yá, ó gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n lòun ń bá sọ̀rọ̀. "Dìde, ọ̀lẹ! Ṣé èmi ni màá máa bọ́ àwọn ọmọ ẹ ni? Dìde!"

Afẹ́fẹ́ wọlé fún ìgbà díẹ̀, ó gbọ́. Bó ṣe so okùn náà ò dáa, àmọ́ ó dì í mú. A fà á jáde. Ó bì sí mi láṣọ, inú mi sì dùn pé ó rí nǹkan bì.

Kò tíì tanná jórinjórin o! Wọ́n ní ó fẹ́ kọ́kọ́ wo ibi tó là ni. Tó bá ti tanná ńkọ́, tí gáàsì gbiná? Páìpù tó ń gbé kẹ́míkà wọlé ṣì wà níbẹ̀, wọn ò tú u. Wọ́n sì ti fi kẹ́míkà mìíràn fọ inú táǹkì náà. Mi ò lè búra pé èwo nínú méjèèjì ni gáàsì náà ti wá. Ohun tí mo lè búra sí ni pé kò sẹ́ni tó wò ó.

Wọ́n gbé Gàní lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n pe àwa sípàdé.

Bọ̀dá Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Tóyìn, ṣé ìdúpẹ́ mi nìyí? Mo bò ọ́ láṣìírí kí wọ́n má baà bá ọ wí, o wá ń pariwo mi kiri." Omi wà lójú wọn. Wọ́n gbà tọkàntọkàn pé oore ni wọ́n ṣe mí!

Ọ̀gá àgbà ní kí n kàn kọ ọ́ pé èmi ni mo fọwọ́ sí i, kí ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀, ṣebí ẹni náà ò kú. Mo ní mi ò lè kọ ọ́. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣebí tó o bá tètè dé, ìwọ náà lo máa fọwọ́ sí i?"

Ẹ tún ìbéèrè yẹn kà.

Mo ní rárá, sà. Tí mo bá tètè dé ni, ẹ̀rọ á ti ké, mi ò ní fọwọ́ sí i, Gàní ì bá sì jókòó síta kó máa jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, wọ́n rò pé ìwé fífọwọ́sí ni wọ́n gbà mí fún. Kò wá sí wọn lọ́kàn rí pé mo lè sọ pé rárá!

Wọ́n lọ bá bàbá mi nílé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, pé kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀, pé ọmọ wọn ò mọ iyì àgbà. Bàbá mi pè mí. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Kọ ohun tó o rí."

Kí n tó kọ ọ́, mo lọ kí Gàní ní Jàpárà. Ó jókòó síta, ó ṣì ń wúkọ́. Ó ní wọ́n ti ní kí òun bẹ̀ mí, kí wọ́n lè máa gbé iṣẹ́ fún òun. Ó wá bi mí pé kí ni wọ́n kọ sínú ìwé yẹn gan-an? Mo ní wọ́n kọ ọ́ pé mo yẹ afẹ́fẹ́ wò, ó sì dára.

Ó ní, "Ká ní mo kú ni, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ pa mí nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ ń kó aṣọ lórí okùn. Kò wojú mi. Ó ní, "Èmi náà ì bá gbà á gbọ́, Àǹtí. Mi ò ní yéé ṣépè fún yín títí tí màá fi kú."

Mo délé, mo kọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró sílé ná, àwọn á pè mí. Wọn ò tíì pè mí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Ẹ fẹ́ràn èèyàn yín níbi iṣẹ́? Ẹ yá a ní agbòjò. Ẹ bá a ra oúnjẹ. Ẹ bá a bẹ ọ̀gá tó bá pẹ́. Àmọ́ níbi tí ẹ̀mí ẹlòmíràn bá wà, ẹ má bá a fọwọ́ sí i! Kí kúérì wá. Kí iṣẹ́ dúró. Kí ẹni tó wà níta wà níta títí ẹni tó yẹ kó wò ó yóò fi dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kẹ́míkà, nílé ìlàgi, lápá Wọ́tásáìdì níbẹ̀ yẹn, ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ orúkọ yín tó wà nínú ìwé ibi iṣẹ́ yín? Ṣé ẹ ti lọ wò ó rí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, màá ka gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ wá sọ fún mi pé kí n foríjì, kó kọ́kọ́ lọ sí Jàpárà, kó lọ sọ ọ́ lójú ìyàwó Gàní.