Àwẹ̀ Tí Mo Gbà Lórí Òkè

Nígbà tí ọmọ mi ní kí n jẹ́ ká jọ lo ọ̀sẹ̀ kan lórí òkè ní Wales, àdúrà ni ọkàn mi bọ́ sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dá mi lẹ́bi. Kí ni onígbàgbọ́ tó ti Èkó wá tún ń wá lọ sórí òkè? Ìyá mi gbàwẹ̀ ọjọ́ méje lórí òkè kó tó bí mi. Ṣùgbọ́n London ni wọ́n bí ọmọ tèmi sí. Ohun tó wà lọ́kàn tiẹ̀ ni kárafáànù, ilé kékeré onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, ká máa sùn nínú ẹ̀, ká máa rìn káàkiri, ká sì máa jẹun. Mo ní, "Ó dáa, màá bá ẹ lọ." Mi ò sọ ohun tó wà nínú mi fún un.

Ohun tó wà nínú mi nìyí: ó ti ríṣẹ́ sí Kánádà, oṣù tó ń bọ̀ ló fẹ́ lọ, mi ò sì fẹ́ kó lọ. Òun nìkan ni mo bí. Ọdún kẹta rèé tí bàbá ẹ̀ ti kú. Tó bá lọ, èmi àti tẹlifíṣọ̀n la máa kù nínú fúláàtì wa ní Thamesmead. Mo ti bínú, mo ti sunkún, mo ti sọ fún un pé kó máa lọ, kó lọ gbàgbé ìyá. Kò yí ọkàn padà. Ni mo bá kọ ọ́ sínú ìwé àdúrà mi, mo fa ìlà méjì sí i nídìí: Olúwa, ti ilẹ̀kùn Kánádà. Ọjọ́ méje, omi nìkan, lórí òkè! Mo ní ká wá wo bí Kánádà ṣe máa dúró níwájú ìyẹn.

Ọmọ tí kì í dáná lọ sí ọjà Woolwich, ó ra iṣu, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ra ẹja gbígbẹ, ó se ọbẹ̀ kún ike mẹ́rin. Ó ní, "Mummy, sinmi. Èmi ni màá máa se oúnjẹ fún ẹ." Bó ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ti jà á jà á, ó ti sú mi.

A dé ibẹ̀ nínú òjò. Òkè níwájú, òkè lẹ́yìn, àgùntàn sì pọ̀ ju èèyàn lọ. Kò pẹ́ tó gbé ìrẹsì síwájú mi. Mo ní inú mi ṣì kún, màá jẹ ẹ́ tó bá yá. Bó ṣe jáde lọ pọnmi, mo dà á sínú láílọ́ọ̀nù, mo dì í, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wọlé, ó rí àwo òfìfo, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn gún mi lọ́kàn, àmọ́ mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Báyìí ni mo ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Ní ọjọ́ kẹrin ó ní ká gun òkè kan. Òkè tí mo gùn gbẹ̀yìn ni òkè kékeré ti Lesnes Abbey nítòsí ilé wa, mo sì jókòó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dókè. A ò tíì rìn jìnnà tí òyì fi kọ́ mi. Ilẹ̀ yí, ojú mi ṣú, mo rọra jókòó sínú koríko tútù. Ọmọ mi pariwo, "Mummy! Mummy!" Ó fà mí lé èjìká títí a fi padà dé kárafáànù. Ó ní níbo ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà. Kí n tó lanu pé kó dúró, ó ti ki ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó fa báàgì mi jáde.

Háà! Láílọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ fà jáde. Òórùn oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta gba inú ilé. Lẹ́yìn náà ló kan ìwé àdúrà. Ó kà á. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí mi.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé o máa ń gbàwẹ̀. Tí o bá sọ fún mi, ǹ bá dúró dè ẹ́. Mo rò pé o ń jẹ ẹ́ ni. Inú mi ń dùn." Ó nu imú. "Mummy, tí Ọlọ́run bá ti ilẹ̀kùn yẹn, mi ò ní lọ. Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ pé ìyá mi ló bẹ̀ ẹ́ pé kó tì í."

Ojú tì mí gan-an. Nílé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Woolwich, iṣẹ́ mi ni kí n máa bẹ àwọn arúgbó pé kí wọ́n jẹun. Mo mọ ọgbọ́n wọn gbogbo, mo mọ èyí tó ń fi oúnjẹ pamọ́ sínú ìrọ̀rí. Wàyí o, èmi náà ti dà bíi wọn, lójú ọmọ mi.

Mo ní, "Gbé oúnjẹ wá."

Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ìrẹsì tó gbé wá. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún ní kó bu sí i. Ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, òótọ́ ni. Bí mo ṣe yó tán ni mo tó lè tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn a gun òkè náà, díẹ̀díẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Nígbà tí a dé orí ẹ̀, ó ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ sínú atẹ́gùn. "Mummy, gbàdúrà fún mi."

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Àdúrà tí mo gbé wá láti Thamesmead wá sẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Olúwa, ṣílẹ̀kùn Kánádà fún un. Bá a lọ. Má jẹ́ kí òtútù pa á. Fún un ní ẹni tó máa bá a jẹun." Mo ń sọ ọ́, omi ń dà lójú mi, ó sì ń dùn mí. "Àmín" tó ṣe le débi pé àwọn àgùntàn sá.

Ó ti lọ báyìí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè mí lórí fídíò. Mo máa ń bi í bóyá ó ti jẹun, á ní òun ti jẹ, mo sì máa ń gbà á gbọ́. Tó bá kàn mí, kì í gbà bẹ́ẹ̀. Á ní kí n gbé àwo mi wá síwájú fóònù, á sì jókòó síbẹ̀, á máa wò mí títí n ó fi jẹ ẹ́ tán.