Pàtẹ́wọ́ Ẹ̀gbẹ́ Kan

Mo ń yan gààrí lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò nígbà tí obìnrin orí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ mi. Láti àárọ̀ ni èéfín ti ń ta mí lójú, apá sì ti ń ro mí. Ìyá ọkọ mi, tó ti ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn ún, jókòó sẹ́yìn mi, ó ń bó ẹ̀gẹ́.

Ètò náà wà fún àwọn tó ní ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn. Wọ́n á kọ ọ́ ránṣẹ́ láìdárúkọ, obìnrin náà á sì kà á. Ó máa ń sọ pé téèyàn bá ti sọ ọ́ jáde, ọkàn á fúyẹ́. Èmi náà tẹ tèmi lórí fóònù. Ìbíadé, níbi tí a ń gbé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, mo kàn pè é ní ìlú kan létí omi.

Ohun tí mo kọ kò gùn. Ọmọbìnrin mi àkọ́bí jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, mo ń di pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ti di ẹ̀gbẹ́ òsì dé àárín orí nígbà tó ní orí ń fọ́ òun. Mo ní kó lọ sùn díẹ̀, pé tó bá jí, a óò di ẹ̀gbẹ́ kejì kí wọ́n lè pàdé. Ibà ni. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tó fi kú. Wọ́n mú mi lọ sílé aládùúgbò, nítorí ìyá kì í rí ìsìnkú ọmọ rẹ̀, kì í sì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sunkún pẹ́, kí òmíràn lè wá. Òmíràn wá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ èyí tó kú nílé wa mọ́. Ohun tí n kò rí ẹni bi ni bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e lọ, ẹ̀gbẹ́ kan ní dídì, ẹ̀gbẹ́ kan ní títú.

“Háà! Kí ló dé tó ń rò ó fún gbogbo ayé?” ni obìnrin tó ń yan gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wí.

“Kò ṣáà dárúkọ,” èyí tó di ajọ̀ mú dáhùn. “O mọ̀ bóyá èmi ni?”

“Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tí gbogbo àdúgbò máa ń gbọ́ ohun tó o fẹ́ sè kó o tó dáná!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà wo ojú mi. N kò gbọ́ ìró ọ̀bẹ lẹ́yìn mi mọ́.

“Ìyàwó,” ni ìyá ọkọ mi wí, “gààrí rẹ ń jóná.”

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a ń lọ sílé. Ọkàn tí wọ́n ní á fúyẹ́ kò tíì fúyẹ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni, bí ẹni tó fọ aṣọ gbogbo ilé. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa bi mí ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé wọn sórí rédíò. Òun ni àgbà nínú àwọn tó wẹ òkú ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá rántí irun yẹn, òun ni.

Ó jókòó sórí pèpéle iwájú ilé, ó ní kí n jókòó. Ó dárúkọ ọmọ náà. Mo ti gbàgbé bí orúkọ náà ṣe máa ń dún lẹ́nu ẹlòmíràn.

“Ibi tó wà, n kò ní sọ ọ́ fún ẹ,” ó ní. “Ṣùgbọ́n èmi ni mo di ẹ̀gbẹ́ kejì kí wọ́n tó gbé e. Mo jẹ́ kí wọ́n pàdé láàárín. Ìyàwó mi, kò gún tó tìrẹ.”