Òjé Onílù Ńlá àti Ìdájọ́ Tí Ablogamé Kọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ iyàn jà, ẹ bi í bóyá ó wà ní Ablogamé, àdúgbò kan ní Lomé, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 1936. Ní ọjọ́ àjọ̀dún àwọn Faransé yẹn, àwọn ẹgbẹ́ onífèrè-idẹ àti onílù ìlú Lomé máa ń figa gbága lójú pópó, ìlú á sì pín sí méjì. Étoile ni ẹgbẹ́ Ablogamé. Progrès ni ti àwọn ará ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgbẹ́ tó bá gbégbá orókè ni ìjọba máa fi ọkọ̀ ojú irin gbé lọ sí Atakpamé, kí wọ́n lọ fi orin dá àwọn ará òkè lára yá fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́dún náà, Progrès ló gbà á. Ìdajì máàkì péré ni wọ́n fi ju Étoile lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́ náà. Adájọ́ mẹ́ta ló wà: ọ̀gá sójà Faransé kan tó gbọ́ orin dáadáa, fádà kan, àti akọ̀wé kan láti ilé ìṣòwò. Abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí títì kí wọ́n má bàa rí ẹgbẹ́ tó ń kọjá. Inú fìlà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti mú nọ́ńbà tirẹ̀. Etí nìkan ni wọ́n fi dájọ́. Nígbà tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ara ògiri, ohun tí wọ́n kọ sí iwájú nọ́ńbà kejì, ìyẹn Étoile, kò ju ìlà kan lọ: ìlù ńlá fà sẹ́yìn ní orin kẹta, níbi kọ́nà.

Ablogamé ní irọ́ ni. Àwọn kan ní fádà wúkọ́ nígbà tí nọ́ńbà kejì ń kọjá, pé ikọ́ yẹn kì í ṣe ojú lásán, àmì ni. Àwọn mìíràn ní ibà ń ṣe ọ̀gá sójà, ó ti gbé kíníìnì mì, ta ni kò sì mọ̀ pé kíníìnì máa ń hó nínú etí? Báwo ni ẹni tí etí rẹ̀ ń hó ṣe fẹ́ mọ ìlù tó bọ́ sákòókò àti èyí tí kò bọ́ sí i? Àwọn ará Progrès dá wọn lóhùn pé lọ́dún tó kọjá tí Étoile gbà á, fádà kan náà wúkọ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga, kò sì sí ẹni tó pè é ní àmì. Bí wọ́n ṣe ń jiyàn lẹ́nu kànga ni wọ́n ń jiyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Tọkọtaya kan wà tí wọn kò jọ jẹun fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọmọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyàwó.

Ẹni tó ń ṣe aṣáájú ìjà náà ni Fàsásì, tó ń ta àgádágodo àti abọ́ ní ọjà ńlá. Bàbá rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Lomé láyé àwọn Jámánì. Fàsásì kò fun fèrè rí láyé rẹ̀, bó sì lu páànù pàápàá kì í dún dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí Étoile ń dánra wò tí kì í ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ló ń lu ìlù ńlá náà. Òjé lorúkọ onílù. Àwọn fádà sọ ọ́ ní Barthélemy, ọmọ Ifẹ̀ ìhà Atakpamé ni, kì í ṣe ti Ilé-Ifẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí òun àti Fàsásì ti jọ ń gbé agbolé kan, Mùsùlùmí níhìn-ín, Kátólíìkì lọ́hùn-ún, kànga kan náà ni wọ́n ń pọn. Bí Fàsásì bá ń sọ lọ́jà pé wọ́n ti ba orúkọ ọ̀rẹ́ òun jẹ́, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀ ní tòótọ́.

Òjé nìkan ló mọ̀ pé òótọ́ ni àwọn adájọ́ kọ.

Ọdún méjìlá ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Inú ìkòkò irin ńlá tí ọkọ̀ fi ń se omi ló máa ń wọ̀, á di ìṣó irin mú láti inú, ẹnìkejì á sì máa fi òòlù lù ú láti ìta. Ariwo yẹn ló jẹ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti bí ọdún mẹ́ta ni kò ti gbọ́ àkùkọ mọ́. Lẹ́yìn náà ni kò gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Nísinsìnyí, bí ènìyàn kò bá fi ẹnu mọ́ ọn létí ọ̀tún kó kígbe, kò gbọ́ nǹkan kan. Thérèse ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ta ni ì bá sọ ọ́ fún? Ta ló máa fi adití sílẹ̀ láàárín ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ tó ń bọ̀? Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá gbọ́ ni iṣẹ́ máa bọ́, ọmọ mẹ́rin sì ń jẹun nílé, Marie ni àgbà wọn. Ẹ̀rù yìí ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n. Ó ń wo ẹnu. Ó ń wo ojú pẹ̀lú: bí ojú àwọn tó wà níwájú rẹ̀ bá yí sí ẹ̀yìn rẹ̀, á mọ̀ pé ẹnìkan ti pe òun, òun náà á yí. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ti Òjé, kò tún sí ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ wà mọ́.

Bó ṣe ń lu ìlù náà nìyẹn. Àdìgún, tó ń lu ìlù kékeré, ló máa ń wà níwájú rẹ̀, ìgúnpá Àdìgún sì ni Òjé ń wò. Bí ìgúnpá bá sọ̀kalẹ̀, òun náà á sọ igi kalẹ̀. Awọ ìlù á gbọ̀n mọ́ ọn níkùn, á mọ̀ pé òun bá a. Ó fi ọgbọ́n yìí la ọdún tó kọjá já, kò sẹ́ni tó fura. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, bí wọ́n ṣe ń yípo ní kọ́nà, atẹ́gùn òkun gbé àsíá ẹgbẹ́ bo Àdìgún lẹ́yìn. Lílù mẹ́rin, bóyá márùn-ún, kò sí ìgúnpá. Nígbà tí àsíá fi máa ṣí kúrò, ọwọ́ Àdìgún wà lókè, ti Òjé wà nísàlẹ̀. Olùkọ́ Innocent tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó wò ó. Àmọ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ní olè ni wọ́n ja Étoile, Innocent kan náà búra pé ìlù kò fà sẹ́yìn rárá. Ó sàn kí wọ́n ja olórí ẹgbẹ́ lólè ju kó pàdánù lọ.

Bó bá jẹ́ ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń jà, Òjé ì bá gbé e mì títí ayé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́bọ̀, Sàdíátù ìyàwó Fàsásì wọlé tọ̀ ọ́ wá, kò sì jókòó. Obìnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀ ni, Òjé sì rí gbogbo rẹ̀ ní ètè rẹ̀. Ó ní Fàsásì àti àwọn ogójì ọkùnrin ti pinnu pé ní òwúrọ̀ àbámẹ́ta, tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbé Progrès lọ sí Atakpamé, àwọn máa jókòó sórí irin, ọkọ̀ kò ní í kọjá àfi tí wọ́n bá yí ìdájọ́ padà. Kọ̀máńdà, Faransé tó ń ṣàkóso ìlú, sì ti rán akéde kiri pé ẹni tó bá dí ọkọ̀ lọ́nà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ni yóò dá a lóhùn. Ọdún mẹ́ta péré ló ṣì kọjá tí ìbọn dún láàárín ìlú Lomé lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Àwọn tó sin òkú ọjọ́ yẹn kò tíì gbàgbé.

“Bàbá Marie, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín,” ni Sàdíátù wí. “Ẹnu yín nìkan ló tó o. Bí ẹ bá ní kó má lọ, kò ní í lọ.”

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Bí Òjé bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá dákẹ́, wọ́n lè fi ẹní gbé Fàsásì wálé nítorí olè tí ẹnikẹ́ni kò jà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó gbìyànjú láti gba ìdajì ọ̀nà. Ó lọ bá a ní ìsọ̀, ó ní òun tí òun ń lu ìlù, òun ti fiyè dénú, kí wọ́n jẹ́ kó tán níbẹ̀. Fàsásì gbá a mọ́ra lójú gbogbo ọjà. Ó ní ohun tó mú òun fẹ́ lọ gan-an nìyẹn, pé Òjé rọ̀ jù, kò mọ bí wọ́n ṣe ń jà fún ara ẹni. Òjé padà sílé, kò lè jẹun. Thérèse wò ó títí, ó fi ẹnu mọ́ ọn létí ọ̀tún, ó ní bó bá jẹ́ ebi ni, àwọn ti mọ̀ ọ́n rí, àwọn á tún fara dà á.

Lẹ́yìn ìrun àláásàrì, àwọn ogójì náà pé sínú àgbàlá agbolé wọn. Òjé rìn wọ àárín wọn.

“Ìdájọ́ yẹn tọ́,” ó ní. “Èmi ni mo ṣì í lù. Etí mi ti di láti ọdún mẹ́ta, mi ò gbọ́ ohun tí mò ń lù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí mi kú.”

Gbogbo ẹnu ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, Òjé kò sì mọ èyí tí òun ìbá wò. Ó rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ó rí ẹni tó tutọ́ sílẹ̀. Ohun tí Thérèse gbọ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn ni pé Progrès ti rà á. Pé wọ́n á fi í sínú ọkọ̀ wọn lọ́la kó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Atakpamé. Pé ọ̀gá rẹ̀ aláwọ̀ funfun ló kọ́ ọ ní ohun tó máa wí. Fàsásì gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó ní adití kì í ṣòro mọ̀. Ó dúró níwájú Òjé, ó sì ju ojú sí Àdìgún kó gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, kó pè é lóhùn jẹ́jẹ́.

Òjé mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ó mọ̀ pé gbogbo iṣẹ́ òun kò ju kí òun dúró bí òpó lọ. Ó di ẹsẹ̀ mú nílẹ̀, ó ń wo Fàsásì. Lójijì, ojú ogójì ènìyàn yí sí ẹ̀yìn rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì yí tẹ̀ lé wọn kó tó rántí pé kò gbọdọ̀ yí.

Kò gbọ́ ariwo tí wọ́n pa, ó kàn rí i ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ojú wọn ni òun rí, kì í ṣe ohùn Àdìgún, pé bí òun ṣe ń ṣe láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Bó sì ṣe ń ṣàlàyé tó ni ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ ń jọ irọ́. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Thérèse sáré jáde, ó di àgbélébùú ọrùn rẹ̀ mú, ó búra. Wọ́n ní ìyàwó ni, kí ló tún fẹ́ sọ?

Fàsásì kò pariwo. Ó rọra sọ̀rọ̀, Òjé sì rí gbogbo rẹ̀ kedere.

“Ká ní o sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà ọ́, ì bá yé mi. Ṣùgbọ́n o fi ara rẹ ṣe adití kó o lè tà wá. Máa lọ bá wọn. Èmi ò mọ̀ ọ́ mọ́.”

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ àbámẹ́ta mọ́, Òjé kò lọ síbi iṣẹ́. Ó gba ẹ̀yìn ọgbà iṣẹ́ wọn lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ogójì ti di mẹ́tàdínlógún. Àwọn yòókù ní inú ń run àwọn. Àwọn mẹ́tàdínlógún náà jókòó sórí irin níwájú ọkọ̀, Fàsásì ló wà láàárín, ó wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tò sí ọ̀tún àti òsì pẹ̀lú ìbọn. Ọ̀gá wọn ti là á kalẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ré àwọn kọjá wọ orí irin mọ́. Àwọn ọmọ Progrès gbá fèrè wọn mọ́ àyà lórí pèpéle, kò sí ẹni tó ń fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Òjé kò mọ ohun tí ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ là kalẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ti yọ, Fàsásì nìkan sì ni ojú rẹ̀ ń wò. Ó rò ó pé bí òun bá kúnlẹ̀, bí òun bá di aṣọ rẹ̀ mú tí òun wọ́ ọ, bóyá ó lè dìde kó tó pẹ́ jù. Ó bọ́ sáàárín irin. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó má bàa kọ lu igi tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

Ẹ̀ṣọ́ kan kígbe pé kó dúró. Àwọn tó wà lórí pèpéle gbọ́. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ fọn fèrè rẹ̀, èyí tí wọ́n gbọ́ dé ọjà. Òjé ń lọ. Wọ́n fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì tún kígbe. Àwọn mẹ́tàdínlógún ti dojú bolẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Progrès ti ń sunkún. Òjé ń lọ, orí rẹ̀ kò mì, ọrùn rẹ̀ kò yí. Fàsásì nìkan ni kò dojú bolẹ̀. Ó rí gbogbo rẹ̀.

Ìdí ìbọn ba Òjé ní ìpàkọ́, ó sì ṣubú lé òkúta. Nígbà tí wọ́n fi máa fà á dìde, wọ́n ti so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí irin mọ́. Fàsásì ti dìde fúnra rẹ̀. Ó ti di ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ mú lápá, ó ń nàka sí Òjé, ó ń nàka sí etí ara rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ ohun tó ń wí lẹ́yìn náà.

“Adití ni! Kò gbọ́ yín! Àná ló sọ fún mi, èmi ni mi ò gbà!”

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo Lomé ló rí ọkùnrin yìí tó ń lu ìlù lọ́jọ́ kẹrìnlá, kí Fàsásì lọ wá òmíràn wí. Fàsásì, tí kò jiyàn rí lọ́jà kó má borí, búra, ó kúnlẹ̀, ó fi Kùránì búra, kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Wọ́n tì í sẹ́yìn, wọ́n sì ń mú Òjé lọ sí ọ̀nà ẹ̀wọ̀n.

Òjé bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti jìn díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà lójú rẹ̀. Kò lè ka ètè. Ó rí ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé, ó rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó yọ síta, ó rí ìka tó nà sí òun. Ó rò pé èébú àná ni kò tíì tán. Ó yí ojú kúrò, ó sì tẹ̀ lé àwọn ẹ̀ṣọ́.