Tẹ́ḿpìlì Tí Mo Kà fún Bàbá Wa Àgbà

Eruku òkúta ti sọ ìka bàbá wa àgbà di funfun. Wọ́n gbé e lé àwòrán inú ìwé náà, wọ́n ní, "Kà á fún mi."

Olùkọ́ ìṣirò kan, ará Íńdíà, tó ti gbé ilé wa rí ní Ìkẹ́rẹ́, ló fi ìwé yẹn sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílé. Àwọn ilé ìsìn tí baba ńlá àwọn ará Íńdíà fi òkúta kọ́ ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ló kún inú rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí a gba Ìpínlẹ̀ Èkìtì nígbà náà, ìwé kẹrin ni mo wà, Gẹ̀ẹ́sì abẹ́ àwòrán sì le ju eyín mi lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo dá mọ̀, torí pé ó jọ ti inú Bíbélì.

"Tẹ́ḿpìlì ni, bàbá."

"Ti Sólómọ́nì?"

Ojú tì mí láti sọ pé n kò mọ̀. Mo ní, "Ẹn-ẹn."

Oníṣẹ́ òkúta ni bàbá, àṣé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n fẹ́ kọ́. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí pé kí n wá kàwé, mo sì ń sọ ìtàn Sólómọ́nì bí ẹni pé mò ń kà á. Wọn kò lo sìmẹ́ǹtì rárá. Bí wọ́n ti rí i nínú àwòrán, wọ́n to òkúta lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ síta díẹ̀ ju ti abẹ́ rẹ̀ lọ, títí wọ́n fi pàdé lókè. Táyà ni wọ́n ń sun lórí àpáta kó lè sán; òórùn rẹ̀ wọ gbogbo aṣọ wa. Inú mi ń dùn, mo ń ṣe fọ́ńté bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Ìgbà tí wọ́n parí rẹ̀ ni alàgbà ìjọ kan tó ti Èkó dé rí ìwé náà ní pálọ̀ wa. Ó ní ilé òrìṣà ni wọ́n wò kọ́ ẹnu ọ̀nà náà, kí wọ́n wó o kí ìkórè tó dé. Mo sunkún lọ bá bàbá, mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo pa.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ kan ère ọlọ́wọ́ mẹ́rin tó wà nínú àwòrán. "Sólómọ́nì tó lọ́wọ́ mẹ́rin? Ìwé ni n éè mọ̀, ojú mi éè fọ́. Uṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo wò."

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá na bíléèdì kan sí alàgbà náà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, níwájú gbogbo ìjọ. "Òkúta éè mọ ẹni tí a ń sìn nínú ulé. Bí bíléèdì yìí bá wọ àárín òkúta méjì, ẹ wó o."

Alàgbà gbìyànjú títí, ó làágùn. Bíléèdì kò wọlé. Ó dá a padà, ó sì gba abẹ́ ẹnu ọ̀nà náà wọlé lọ jókòó.

Ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ́ ti sán níbi púpọ̀, ẹnu ọ̀nà yẹn ṣì wà. Olùkọ́ lèmi náà báyìí. Bí ọmọ bá bi mí ní ohun tí n kò mọ̀, mo máa ń sọ pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ni mi ò lè gbàgbé. Wọ́n mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé irọ́ ni mo ń pa, síbẹ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí pé kí n wá kàwé fún wọn.